Àwọn ará Arméníà àti àwọn ará Nẹ̀pálì nílẹ̀ àjèjì: kí ló fa ìyàtọ̀ owó wọn?

Aṣèṣirò_Houston (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan sọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pé àwọn ará Arméníà lówó ní Amẹ́ríkà nítorí pé òwò wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, pé àwọn ará Nẹ̀pálì kò sì lówó nítorí pé iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ni wọ́n mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n máa ń sọ pé owó ti mọ́ Ìjẹ̀bú lára láti inú oyún, wọn kì í sì í rántí ẹnubodè tó wà láàárín Èkó àti ilẹ̀ òkè, níbi tí Ìjẹ̀bú ti ń gba owó-bodè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá.

Iye kan tí gbogbo ènìyàn máa ń gbé jáde ni ti Pew Research Center, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fún ọdún 2019. Bí a bá to gbogbo ilé àwọn ará Nẹ̀pálì ní Amẹ́ríkà láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, nǹkan bí $55,000 lọ́dún ni ilé tó bọ́ sí àárín gbùngbùn ní. Ti àwọn ará Éṣíà lápapọ̀ jẹ́ $85,800, ti gbogbo Amẹ́ríkà sì jẹ́ $61,800. Mo fẹ́ ká wo ọdún tí àwùjọ kọ̀ọ̀kan dé, ìwé tí wọ́n mú wọlé, gbèsè tó wà lọ́rùn wọn, àti iṣẹ́ tó wà níbi tí wọ́n balẹ̀ sí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó bá wa là á.

Àyọ̀ká_Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n, kí á tó fi iye kan wé èkejì, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tí wọ́n kà. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà, ìbéèrè mẹ́ta wà tí àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀: ibi tí wọ́n bí ọ sí, ẹ̀yà tí o jẹ́, àti ìran tí o ti ṣẹ̀ wá.

Bí ẹ bá wá ará Arméníà lábẹ́ ibi ìbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní jáde. Tehran ni wọ́n bí òmíràn sí, Beirut ni ti òmíràn, Aleppo tàbí Baku ni ti ẹlòmíì, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé Fresno ní California ni wọ́n bí bàbá-bàbá wọn sí. Lábẹ́ ẹ̀yà, aláwọ̀ funfun ni wọ́n kà wọ́n sí, wọ́n á sì rì sínú ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ìbéèrè ìran nìkan ló lè fà wọ́n yọ. Kódà nígbà tí ìjọba fi ẹ̀yà Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn kún ìwé náà ní oṣù kẹta 2024, orúkọ ìlú mẹ́fà tí wọ́n kọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ kò ní Arméníà nínú.

Ti Nẹ̀pálì yàtọ̀. Abẹ́ Éṣíà ni wọ́n wà, orúkọ wọn sì yọ dáadáa. Ìṣòro tiwọn ni àwọn Lhotshampa, ìyẹn àwọn elédè Nẹ̀pálì tí wọ́n lé kúrò ní Bútáànì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Òmíràn kọ ará Bútáànì, òmíràn kọ ará Nẹ̀pálì. Ọmọ tí wọ́n bí sí àgọ́ ogúnléndé ní Jhapa sì ní Nẹ̀pálì gẹ́gẹ́ bí ibi ìbí, bẹ́ẹ̀ Nẹ̀pálì kò kà á sí ọmọ ìlú.

Nítorí náà, inú $55,000 yẹn ni ẹni tó kàwé dé, ogúnléndé, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú bàálù ti pàdé. Owó ilé sì ni, kì í ṣe owó orí kọ̀ọ̀kan. Ilé tí àgbàlagbà mẹ́rin ti jọ ń ṣiṣẹ́ kí owó náà tó pé kò rí bákan náà pẹ̀lú ilé tí ẹnìkan ṣoṣo ti ń mú un wọlé.

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè tí Aṣèṣirò sọ ni mo fẹ́ gbé, torí pé nínú ọ̀rọ̀ yìí, òfin ni oníbodè.

Ọdún 1881 ni àwọn Seropian, àwọn ará Arméníà àkọ́kọ́ tí a mọ̀ ní Fresno, dé California. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ń gbin àjàrà tí wọ́n ń sá gbẹ, wọ́n ń gbin ọ̀pọ̀tọ́ àti bàrà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oko bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀, nítorí pé igi àjàrà máa ń gba ọdún mélòó kan kó tó so dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò gbin ín sórí ilẹ̀ tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀.

Ní 1913 California ṣe òfin pé àlejò tí kò lè di ọmọ Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ra ilẹ̀ oko. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n gbà á láyè láti yá a lò. Òfin 1920 gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ta wá ni kò lè di ọmọ Amẹ́ríkà? Òfin ìgbà yẹn sọ pé aláwọ̀ funfun tàbí ẹni tó ti ilẹ̀ Áfíríkà ṣẹ̀ wá nìkan ló lè gba ìwé ọmọ onílùú. Ní oṣù kejì 1923 ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ dá ẹjọ́ Bhagat Singh Thind, ọmọ Íńdíà, pé kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Bí wọ́n ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ọmọ Íńdíà nìyẹn títí di 1946.

Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí ni ìjọba wá gbé Tatos Cartozian, ará Arméníà tó ń ta rọ́ọ̀gì ní Portland, lọ sí kóòtù láti gba ìwé ọmọ onílùú rẹ̀ padà. Àwọn ará Arméníà dáwó jọ, wọ́n gba agbẹjọ́rò, Franz Boas tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀yà ènìyàn sì jẹ́rìí fún wọn. Oṣù keje 1925 ni adájọ́ sọ pé funfun ni wọ́n.

Láàárín ẹjọ́ méjèèjì, ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ni. Ẹni tó ti apá kan Éṣíà wá pàdánù ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀, ẹni tó ti apá kejì wá di í mú. Ilẹ̀ tí wọ́n rà láyé ìgbà náà ni ọmọ jogún, òun náà ni wọ́n fi dógò ní báǹkì láti dá òwò sílẹ̀ tàbí láti rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Àwọn ará Nẹ̀pálì kò tíì sí ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn èrò Gúúsù Éṣíà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà kò pọ̀.

Mọ́kọ́lá77

Mo gbà pẹ̀lú yín, Agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé Fresno dẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ ní àdúgbò tó dára pé a kò gbọdọ̀ ta ilé fún ará Arméníà, títí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi sọ ní 1948 pé kóòtù kankan kò gbọdọ̀ fi ipá mú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Owó èso àjàrà gbígbẹ sì já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló pàdánù oko. Ní Watertown, Massachusetts, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ rọ́bà Hood ni púpọ̀ nínú wọn ṣe, nínú ooru àti òórùn kẹ́míkà.

Àwọn tí a ń rí ní Glendale, nítòsí Los Angeles, lónìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn ará Fresno yẹn. Ogun Lẹ́bánónì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 lé àwọn kan wá, rògbòdìyàn Íráánì 1979 lé àwọn mìíràn, àwọn tó kúrò lábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì sì rọ́ wọlé ní òpin àwọn ọdún 1980. Èyí tó ti Beirut wá sábà ń mọ òwò góòlù, ó ń sọ èdè mẹ́ta, ó sì ti ní ìbátan ní Los Angeles. Èyí tó ti Yerevan, olú-ìlú Arméníà, wá lè jẹ́ ẹnjiníà tí ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan níbẹ̀, tó wá di awakọ̀. Ẹ̀yà kan náà ni wọ́n, àpò wọn kò dọ́gba rárá.

Aṣèṣirò_Houston

A dúpẹ́ o. Ṣé ibi tí àwọn ogúnléndé Arméníà ti bọ́ yìí kò jọ ibi tí àwọn ará Bútáànì tó ń sọ èdè Nẹ̀pálì ti bọ́? Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé Ohio dáadáa.

ÌyáÌbejì_Columbus

Ó jọ ọ́ gan-an, ọmọ mi, ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Láti òpin 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ogúnléndé Bútáànì kúrò ní àgọ́ Nẹ̀pálì. Wọ́n lé ní 100,000 lápapọ̀, Amẹ́ríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Columbus àti Akron ní Ohio, Pittsburgh, Harrisburg àti Erie ní Pennsylvania ni wọ́n pọ̀ sí jù báyìí.

Gbèsè ni wọ́n fi wọlé. Àjọ IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kiri, ló ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù fún wọn, owó náà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Kò ní èlé, àmọ́ nǹkan bí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n balẹ̀ ni sísan rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹbí tó jẹ́ ẹni méje ti jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là kí wọ́n tó mọ ojú ọ̀nà ọjà. Ẹni tó bá sì jáfara nínú sísan rẹ̀, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé onígbèsè á bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní rí owó yá fi ra mọ́tò tó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́.

Èyí tó wá ń dá àwọn àgbà lóró ni SSI, owó tí ìjọba ń fún arúgbó àti aláìlera tí kò ní nǹkan. Látìgbà tí wọ́n ti tún òfin ìrànwọ́ ṣe ní 1996 àti 1997, ọdún méje péré ni ogúnléndé lè fi gbà á bí kò bá tíì di ọmọ Amẹ́ríkà. Ó sì gbọ́dọ̀ lo ọdún márùn-ún kó tó lè béèrè fún ìwé ọmọ onílùú. Ọdún méjì ló kù fún un láti kọ ìwé, kó ṣe ìdánwò, kó sì búra.

Ìdánwò náà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin dá àgbà sí kúrò nínú ìdánwò èdè bí ó bá ti pé ẹni 50 ọdún tó ti lo 20 ọdún pẹ̀lú green card, tàbí ẹni 55 tó ti lo 15. Ẹ ṣírò ó: ogúnléndé tó wà ní ọdún karùn-ún tàbí ìkeje kò lè dé ibẹ̀ láé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù ni ìwé N-648, tí dókítà máa ń kọ pé àìsàn kan ló mú kí ẹni náà má lè kọ́ èdè. Ohun tó sábà ń ba N-648 jẹ́ ni pé dókítà á kàn kọ pé ó ti darúgbó tàbí pé kò lọ sí ilé-ìwé rí. Wọn kì í gba ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ àìsàn náà, kó ṣàlàyé bí ó ṣe ń dí ìrántí tàbí òye lọ́wọ́, àti bí ó ṣe mọ̀.

Àwọn àgbà Arméníà tó ti ilẹ̀ Sófíẹ̀tì wá bọ́ sínú kòtò kan náà ní àwọn ọdún 1990. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí wọ́n wà. California ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní CAPI, tó ń san owó fún ẹni tí ìwé ìgbélùú nìkan ló jẹ́ kó pàdánù SSI. Ibi púpọ̀ tí wọ́n kó àwọn ará Bútáànì lọ kò ní irú rẹ̀. California tún ní IHSS, tó ń san owó iṣẹ́ fún ẹni tó ń tọ́jú arúgbó nínú ilé, ọmọ bíbí inú rẹ̀ náà lè gbà á. Èdè Arméníà wà lára àwọn èdè díẹ̀ tí wọ́n tẹ fọ́ọ̀mù rẹ̀ sí, pẹ̀lú ti Ṣáínà àti Sípéènì. Nítorí náà ìyàwó ilé tó ń tọ́jú ìyá ọkọ rẹ̀ ní Glendale ń gba owó iṣẹ́. Ní Ohio àti Pennsylvania, abẹ́ Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún aláìní, ni irú iṣẹ́ yìí ti ń kọjá, ilé-iṣẹ́ olùtọ́jú ló sì ń gbà á sí iṣẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn elédè Nẹ̀pálì fi ń dá ilé-iṣẹ́ olùtọ́jú sílẹ̀ fúnra wọn.

Mọ́kọ́lá77

Ẹ ṣeun, mà. Èmi kò mọ̀ pé ọdún méje àti ọdún márùn-ún yẹn fún ara wọn tó bẹ́ẹ̀.

Ọlá_Irving

Jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó ti Nẹ̀pálì fúnra rẹ̀ wá, torí wọn kì í ṣe ogúnléndé. Ọ̀nà mẹ́ta ló gbé èyí tó pọ̀ nínú wọn wọlé.

Èkínní ni fíísà lọ́tìrì, tí a mọ̀ dunjú kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀ láti ti ọdún 2015. Orílẹ̀-èdè kan kò gbọdọ̀ gbà ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ, Nẹ̀pálì sì ti kọjá 3,000 lọ́dún nígbà púpọ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ ń balẹ̀ pẹ̀lú green card, ó lè ṣe iṣẹ́ tó bá wù ú lọ́jọ́ kejì. Ìkejì ni akẹ́kọ̀ọ́: ní 2023/24 wọ́n lé ní 16,000, nígbà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà lé ní 20,000. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju 20 wákàtí lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìjókòó, inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ sì ni, àfi bí ó bá gba àṣẹ. Èyí tó bá lọ ṣiṣẹ́ níta láìgba àṣẹ ń gba owó ọwọ́, ẹ̀rù sì máa ń bà á láti fẹjọ́ sùn bí ọ̀gá bá jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìkẹta ni TPS, ààbò ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fún wọn ní 2015 lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ oṣù kẹrin. Ní 2018 ìjọba fẹ́ fòpin sí i, wọ́n tún gbìyànjú rẹ̀ ní 2025, kóòtù ni wọ́n sì ti ń fà á.

Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló ń pín iṣẹ́. Ní Queens, ní agbègbè Jackson Heights, ọ̀pọ̀ obìnrin wọn ń ṣe iṣẹ́ èékánná àti ìtọ́jú ọmọ. Adhikaar, ẹgbẹ́ àwọn elédè Nẹ̀pálì tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2005, wà lára àwọn tó jà kí New York tó ṣe òfin ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé ní 2010. Ní Texas, ní Irving àti Euless, ilé epo àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀nà ilé epo ṣe máa ń lọ rè é. Ẹni náà á fi ọdún díẹ̀ dúró nídìí owó, á mọ iye tí ọjà kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Ẹni mẹ́ta sí márùn-ún á wá da owó pọ̀. Ẹ̀yáwó SBA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣe onídùúró fún òwò kékeré, sábà máa ń béèrè ìdá kan nínú mẹ́wàá owó ìrà lọ́wọ́ olùrà, gbogbo ẹni tó bá sì ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi gbogbo ohun tó ní dúró fún gbèsè náà. Èrè orí epo kéré, sẹ́ǹtì díẹ̀ ni lórí gálọ́ọ̀nù. Ohun mímu, sìgá àti oúnjẹ inú ṣọ́ọ̀bù ló ń san owó ilé.

Ibi mẹ́ta ló ti ń dà rú. Wọn kì í kọ àdéhùn láàárín ara wọn, torí pé ẹbí ni wọ́n. Nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ yọ owó rẹ̀, ìjà dé. Wọn kì í ka ìwé àdéhùn epo tí wọ́n bá nínú òwò náà, èyí tó lè so wọ́n mọ́ olùtà epo kan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọn kì í sì í yẹ táǹkì abẹ́ ilẹ̀ wò. Bí epo bá ti jò sínú ilẹ̀ kí wọ́n tó rà á, owó àtúnṣe lè bọ́ sí wọn lọ́rùn, ó sì lè ju owó tí wọ́n fi ra ṣọ́ọ̀bù lọ.

Alájọ_Ọjà

Owó tí wọ́n ń dà pọ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká pè é ní orúkọ rẹ̀. Dhukuti ni wọ́n ń pè é, èsùsù wa gan-an ni. Àwọn Thakali, tí wọ́n ń ṣòwò iyọ̀ ní ọ̀nà Tibet, ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ẹni ogún á máa dá $1,000 lóṣù, ẹnìkan á kó $20,000. Ó yàtọ̀ sí tiwa níbì kan: lọ́pọ̀ ìgbà ìfagagbága ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa kó o. Ẹni tó nílò owó kíákíá á ní òun á gba $17,000, $3,000 tó kù á sì pín sórí àwọn yòókù. Èlé nìyẹn, ẹni tó bá kó o kẹ́yìn ló ń jẹ ẹ́.

Ewu rẹ̀ àti ti èsùsù jọ ń gbé ilé kan ni: ẹni tó kó o lóṣù kejì tó wá sá lọ. Kò sì sí báǹkì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé o dá a pé, nítorí náà ogún ọdún dhukuti kò fi kọ́bọ̀ kan kún orúkọ rere rẹ lọ́dọ̀ àwọn ayánilówó Amẹ́ríkà.

Àwọn ará Arméníà ní tiwọn fi owó jọ sínú àjọ. AGBU, àjọ ìrànwọ́ àwọn ará Arméníà, ti wà láti 1906, Cairo ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ilé-ìwé tiwọn, àti owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ tó mọ̀wé. Àgbájọ àwọn ará Nẹ̀pálì tó wà lókè òkun, NRNA, ọdún 2003 ni wọ́n dá tirẹ̀ sílẹ̀.

Bàbá_Jẹ́jẹ́

Amẹ́ríkà nìkan lẹ ń wò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ méjèèjì kò dé Amẹ́ríkà rárá. Rọ́ṣíà ni ará Arméníà ń lọ. Íńdíà, Màléṣíà àti ilẹ̀ Lárúbáwá ni ará Nẹ̀pálì ń lọ.

Ẹ wo bí ìwé wọn ṣe rí. Láti oṣù kíní 2015 tí Arméníà ti wọ ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé Eurasia, ọmọ Arméníà kò nílò ìwé àṣẹ iṣẹ́ kankan ní Rọ́ṣíà. Owó orí tí ọmọ onílùú ń san ni òun náà ń san láti ọjọ́ kìíní, dípò 30 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò. Àwọn ọkùnrin Gyumri àti àyíká adágún Sevan ní Arméníà á lọ kọ́lé nígbà ìrúwé, wọ́n á padà nígbà òtútù. Khopan ni wọ́n ń pe irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n nílò láti lọ.

Ará Nẹ̀pálì tó ń lọ sí Kàtáà gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ aṣojú. Láti oṣù keje 2015 ìjọba wọn ti ní agbanisíṣẹ́ ni kó san fíísà àti tíkẹ́ẹ̀tì, pé aṣojú kò gbọdọ̀ gbà ju 10,000 rúpì lọ. Àwọn aṣojú ń gba ìlọ́po rẹ̀, wọ́n á ní kí ẹni náà fọwọ́ sí ìwé pé 10,000 lòun san. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń dógò. Èlé olówó abúlé sábà máa ń jẹ́ rúpì mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìyẹn 36 lọ́dún.

Ká ní ó yá 150,000. Bí ó bá ń san 25,000 lóṣù, oṣù méje ni. Bí ó bá jẹ́ 10,000 ló lè san, torí pé ilé gbọ́dọ̀ jẹun, ó kọjá ogún oṣù, bẹ́ẹ̀ oṣù mẹ́rìnlélógún ni àdéhùn iṣẹ́ sábà máa ń jẹ́. Bí ọ̀gá bá dá owó oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dúró, gbèsè ti di nǹkan bí 164,000 kó tó san kọ́bọ̀. Kàtáà fi owó oṣù tó kéré jù sí 1,000 riyal ní oṣù kẹta 2021, pẹ̀lú 500 fún ibùgbé àti 300 fún oúnjẹ bí ọ̀gá kò bá pèsè wọn. Ó ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n kò kan owó tí wọ́n ti gbà ní Kathmandu.

Mọ́kọ́lá77

Bàbá, ìwọ̀fà nìyẹn o.

Bàbá_Jẹ́jẹ́

Ó jọ ọ́, àmọ́ kì í ṣe òun. Ìwọ̀fà ń sin ẹni tó jẹ lówó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni èlé. Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, olówó wà ní abúlé, ọ̀gá wà ní Doha, wọn kò mọ ara wọn. Ó ń ṣiṣẹ́, èlé sì ń ga síbẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí kì í hàn sójú. Riyal Kàtáà so mọ́ dọ́là ní 3.64, ti Saudi ní 3.75. Rúpì Nẹ̀pálì so mọ́ rúpì Íńdíà, 1.6 sí 1, láti 1993. Nígbà tí rúpì Íńdíà bá já wálẹ̀, owó tí ilé ń gbà ní Nẹ̀pálì á pọ̀ sí i láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ gba kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Ará Arméníà ń gba rúbù, kò sì sí ohun tó so rúbù mọ́lẹ̀. Ní àárín 2014 nǹkan bí 35 rúbù ni dọ́là kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015 ó ti wà láàárín 60 sí 70. Bí a bá fi dọ́là ṣírò ó, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò yí padà ní Moscow pàdánù bí ìdajì rẹ̀ kó tó dé Gyumri. Owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé súnmọ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ọrọ̀ ajé Arméníà ní 2013, lẹ́yìn náà ló já. Ti Nẹ̀pálì ṣì lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin ní 2023.

Ọ̀nà tí kò gba ẹnìkan lówó láti rìn, owó tó ń ti ibẹ̀ wá kò dúró. Èyí tó gba gbèsè, owó rẹ̀ dúró. Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ìṣirò yín.

Agbẹjọ́rò_Ilẹ̀

Mo tún fẹ́ fi ilẹ̀ ilé kún un. Láti 2007 ni Arméníà ti gba ọmọ rẹ̀ láyè láti jẹ́ ọmọ ìlú méjì. Nẹ̀pálì kò gbà. Ẹni tó bá gba ìwé Amẹ́ríkà ti sọ ti Nẹ̀pálì nù, ọ̀rọ̀ ogún bàbá rẹ̀ sì di wàhálà. Àtúnṣe òfin 2023 ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún wọn láti gba irú ìwé ọmọ ìlú kan tó ní ẹ̀tọ́ ọrọ̀ ajé láìní ìbò. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀pọ̀ ló kọ̀ láti di ọmọ Amẹ́ríkà nítorí ilẹ̀, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ láti mú òbí wọn wá.

Ọmọlárá_Kent

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìhà ọ̀dọ̀ wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún un ní ṣókí, torí Nẹ̀pálì tiwa yàtọ̀. Ológun Gurkha, ìyẹn àwọn ará Nẹ̀pálì tó sìn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀pọ̀, tàbí ẹbí wọn, ní Aldershot, Folkestone àti Plumstead. Ní 2004 wọ́n gba àwọn tó fẹ̀yìn tì láti oṣù keje 1997 láyè láti máa gbé ibí. Ní 2009 wọ́n gba àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ṣáájú, bí wọ́n bá ti sìn fún ọdún mẹ́rin. Àwọn àgbà wọ̀nyí dé ní ẹni ọgọ́ta ọdún lé, owó ìfẹ̀yìntì wọn sì tẹ̀ lé ìwọ̀n ẹgbẹ́ ọmọ ogun Íńdíà, tó kéré gan-an. Pension Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àgbà tí owó rẹ̀ kéré, ló ń gbé wọn ró.

Aṣèṣirò_Houston

Àǹtí, ṣé wọ́n lè máa gbà á nígbà tí wọ́n bá padà lọ lo oṣù mẹ́ta ní Pokhara, ní Nẹ̀pálì?

Ọmọlárá_Kent

Rárá o, àbúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ni. Ó lè di mẹ́jọ bí ẹni tó súnmọ́ wọn bá kú, ó sì lè di 26 bí ó bá jẹ́ pé ìtọ́jú ìṣègùn ni wọ́n bá lọ. Ẹni tó bá kọjá rẹ̀ láìsọ fún wọn máa dá owó padà. Kí wọ́n sọ ọjọ́ ìlọ àti ọjọ́ àbọ̀ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Aṣèṣirò_Houston

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti ń to àtẹ náà: ọdún ìdé, irú ìwé, gbèsè ìrìnàjò, ìlú tí wọ́n balẹ̀ sí, owó ilé.

Àyọ̀ká_Ìṣirò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi iye òṣìṣẹ́ inú ilé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ owó ilé. Kí ẹ sì ya àwọn elédè Nẹ̀pálì tó ti Bútáànì wá sọ́tọ̀, kí ẹ ya àwọn ará Arméníà tó dé ṣáájú 1924 kúrò lára àwọn tó dé lẹ́yìn 1975. Orí ìlà mẹ́rin ni kí àtẹ náà dúró, kì í ṣe méjì.